Ife ẹ̀yẹ tó sọ òṣèré di èrò ẹ̀wọ̀n ní Sharjah: bí wọ́n ṣe ń gbé oògùn olóró lé aláìmọ̀kan lọ́wọ́, àti ohun tó ń yọ ọ́

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni òṣèrébìnrin ọmọ Íńdíà kan, Chrisann Pereira, wọ ọkọ̀ òfurufú ní Mumbai, ó dorí kọ Sharjah, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ ti Dubai ní ilẹ̀ UAE. Ẹni ọdún 27 ni. Ó ti kópa nínú fíìmù mélòó kan ní Bollywood, irú òṣèré tí ojú ti ń mọ̀ ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kárí ìlú. Wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ ń dúró dè é lọ́hùn-ún, pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí wọn yóò ṣe fún gbogbo àgbáyé. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ kan fún un pé kó mú dání, pé ara ohun tó máa lò níbi ọ́díṣọ̀n náà ni.

Nígbà tó balẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní àwọn ti san owó rẹ̀ kò ní orúkọ rẹ̀ lákọsílẹ̀. Ẹbí rẹ̀ sọ pé ó pe bàbá rẹ̀, bàbá sì ní kó lọ bá ọlọ́pàá pápákọ̀ lójú ẹsẹ̀. Igbó ni wọ́n bá nínú ife ẹ̀yẹ yẹn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ sí àtìmọ́lé, ẹ̀sùn kíkó oògùn olóró wọ̀lú sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ta ni wọn kò tíì bẹ̀ rí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú eléyìí dé ọ̀hún, àbúrò mi á wá gbà á ní pápákọ̀”? Pereira jáde lẹ́wọ̀n kí oṣù kan tó pé. Àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tirẹ̀ lo ọdún 14, àwọn kan kò sì jáde mọ́ láéláé. Orí ẹni lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn ju orí lọ: ẹ̀rí tó wà nílé ni, àti bó ṣe yá tó kí ó tó dé ọwọ́ àwọn tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe dẹ okùn náà. Gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá Mumbai ṣe ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ajá ló dá ìjà sílẹ̀. Lásìkò kónílé-ó-gbélé Kòrónà ní ọdún 2020, ọkùnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì lọ kí arábìnrin rẹ̀ nínú ilé kan náà tí ìyá òṣèré yìí ń gbé. Ajá kan dojú kọ ọ́, ó gbé àga láti fi lù ú. Ìyá náà bá a wí, ọ̀rọ̀ di ariwo lójú àwọn aládùúgbò, ọkùnrin náà sì di í sínú. Ó tó ọdún mẹ́ta kó tó gbẹ̀san. Òṣìṣẹ́ báńkì kan tí wọ́n jọ lẹ̀dí àpò pọ̀ ló kọ̀wé sí ìyá náà lórí fóònù, ó fi orúkọ mìíràn pe ara rẹ̀, ó ní òun ní iṣẹ́ eré fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dá ọjọ́. Ìgbà tí ọmọ ti ń múra àtilọ sí pápákọ̀ gan-an ni ife ẹ̀yẹ tó yọjú. Ọlọ́pàá ní èèyàn márùn-ún ni ọkùnrin oníbúrẹ́dì yìí dẹ irú okùn bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀kan nínú wọn, DJ kan, ti wà látìmọ́lé ní Sharjah kí ti Pereira tó ṣẹlẹ̀. Ti ẹni yẹn, inú kéèkì ni wọ́n ti bá oògùn náà.

Ẹni tó ń ta oògùn olóró fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà. Ẹni tó ń dẹ okùn fúnni fẹ́ kí wọ́n rí i. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ife ẹ̀yẹ bá ète rẹ̀ mu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ máa ń pín ohun tó bá rí sí àwọ̀: oúnjẹ, aṣọ, ewé àti ìyẹ̀fun a máa hàn ní àwọ̀ ọsàn, irin a máa hàn ní búlúù. Irin tó nípọn kì í jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ ríran dé inú, nítorí náà àfi kí òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n tú u. Lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, ẹ̀wẹ̀, ife ẹ̀yẹ jẹ́ ohun tí kò sẹ́ni tó máa rò pé ó yẹ kí òun tú palẹ̀. Ó wúwo bí ìṣe rẹ̀, ìdí rẹ̀ ní aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, abẹ́ aṣọ yẹn ni ìṣó oníyìípo tó so ó pọ̀ wà, inú ọrùn rẹ̀ sì ṣófo. Ta ló máa fi ìṣó tú ife ẹ̀yẹ ẹlòmíràn nígbà tí ọkọ̀ kù díẹ̀ kó gbéra?

Lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ àti ohun ìṣaralóge ni wọ́n sábà ń lò. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, ti bá igbó àti tramadol (oògùn ìrora tó lágbára) nínú edé, nínú ọṣẹ dúdú, nínú agolo ìpara àti nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ọ̀pọ̀ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé Dubai ló ń lọ. Nígbà mìíràn ẹni tó gbé e wá sí pápákọ̀ kò mọ nǹkan kan, èrò ọkọ̀ tó gbà láti ṣe ẹlẹ́yinjú àánú ni.

Bí ẹ kò bá lè kọ̀ jálẹ̀, ẹ tú ẹrù náà lójú ẹni tó gbé e wá, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti lọ. Gààrí àti edé, ẹ dà wọ́n sínú agbada tàbí atẹ. Ọṣẹ dúdú, ẹ là á sí méjì. Ìpara, ẹ fi igi tín-ín-rín gún un dé ìsàlẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ lè jẹ́ ìpara kí ìdí rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n dì. Bàtà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ gbé tòsì náà lé e. Bí ọ̀kan bá fi gíráàmù púpọ̀ wúwo ju èkejì lọ, tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò tẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà. Àpótí ìrìn àjò tí ẹlòmíràn fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí inú aṣọ tí wọ́n fi bò ó nínú ni wọ́n ń rán an sí. Ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo. Àpótí aláṣọ tó tóbi kì í sábà ju kílò 3 sí 4 lọ. Bó bá lé sí i láìnídìí, tí òórùn gúlúù ń jáde lára rẹ̀, tàbí tí okùn ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ kan kò jọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ tú, kí ojú ẹni tó gbé e wá hàn níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí fọ́tò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òṣèré ni wọ́n dẹ irú eléyìí fún? Òṣèré ti mọ́ra pẹ̀lú kí àjèjì pè é, kí ó ní kó wá lọ́la, kí ó gbé aṣọ tàbí nǹkan lé e lọ́wọ́ pé “eléyìí lo máa lò”. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́díṣọ̀n gidi fún iṣẹ́ òkè òkun kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n á ní kí òṣèré fi fóònù ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ojú ìwé kan tàbí méjì nínú eré, kó fi ránṣẹ́. Bí ó bá wù wọ́n, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fídíò. Lẹ́yìn náà ni ìwé àdéhùn, lẹ́yìn náà ni ìwé ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́ ní ìlú yẹn, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó dé. Ohun èlò eré kò sí lọ́wọ́ òṣèré: ẹni tó ń bójú tó ohun èlò ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n to gbogbo wọn sí. Ẹni tí wọn kò tíì gbà síṣẹ́, tí wọ́n ń gbé ohun èlò lé lọ́wọ́, ìbéèrè ńlá wà níbẹ̀. Àwọn òṣèré tiwa tí wọ́n ń lọ ṣe àríyá fún àwọn ará wa ní London tàbí Dubai lè béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn, TAMPAN tàbí Actors Guild, bóyá ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó pè wọ́n, kí wọ́n sì pe ilé iṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tí wọ́n fúnra wọn wá rí. Nọ́ńbà tí ẹni tó pè wọ́n fún wọn kò wúlò fún èyí.

Ọ̀nà kejì wà tí kò béèrè pé kí ẹ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Kano bá ìyá rẹ̀ lọ sí Umrah, ìrìn àjò ìjọsìn àwọn Mùsùlùmí ní Sáúdí. Ní Mẹ̀dínà ni wọ́n ti wá mú un. Wọ́n ti bá tramadol nínú báàgì kan tó ní táàgì orúkọ rẹ̀, báàgì tí kò rí rí. Àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ Mallam Aminu Kano ló ti fi orúkọ rẹ̀ tẹ táàgì fún ẹrù tiwọn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀tàn kan náà tún wáyé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025: àwọn mẹ́ta tó wọ ọkọ̀ Ethiopian Airlines láti Kano lọ sí Umrah bá ara wọn látìmọ́lé ní Jeddah nítorí báàgì tí wọ́n so mọ́ orúkọ wọn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ bá dé káńtà, òṣìṣẹ́ á gbé ẹrù yín lé òṣùwọ̀n, kọ̀ǹpútà á tẹ bébà gígùn kan jáde. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀: àkọ́kọ́ dá dúró, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ (ti Ethiopian ni 071), mẹ́fà tó kù jẹ́ ti báàgì náà nìkan. Wọ́n á lẹ bébà ńlá mọ́ báàgì, wọ́n á lẹ kékeré tó ṣẹ́kù mọ́ ẹ̀yìn páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìwọkọ̀ yín. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó ni báàgì; ohun tó mọ̀ ni pé nọ́ńbà yìí wà lábẹ́ orúkọ yìí. Èrò tí wọ́n gbà láyè báàgì méjì tó sì gbé ẹyọ kan wá ti fi àyè ẹyọ kan sílẹ̀. Inú àyè yẹn ni ẹni ibi á ti ki báàgì tirẹ̀ bọ̀. Ẹni tó ni ín yóò wà nínú ọkọ̀ kan náà tàbí kó rán ẹnìkan dúró níbi tí ẹrù ti ń jáde. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù ò bá fura, á gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá fura, á yí padà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, orúkọ yín ni wọ́n á pè.

Nítorí náà ẹ béèrè ní káńtà kí ẹ tó kúrò: “Báàgì mélòó ni ẹ kọ sílẹ̀ fún mi? Kílò mélòó?” Ẹ ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá gbé báàgì kan wá, ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá di méjì, ẹ má kúrò lójú kan náà títí wọn yóò fi pa ìkejì rẹ́, kí ẹ sì pe ọ̀gá wọn. Ẹ ya fọ́tò báàgì lórí òṣùwọ̀n kí kílò rẹ̀ hàn, ẹ ya táàgì náà kí nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni kan nílé lójú ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ má sọ bébà kékeré yẹn nù títí ẹ ó fi délé. Bí ẹ bá sì bá báàgì àjèjì tó ní orúkọ yín níbi tí ẹrù ti ń jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró jìnnà sí i, ẹ pe òṣìṣẹ́, ẹ sọ ọ́ sókè lójú àwọn èèyàn. Ìka yín tí kò sí lára rẹ̀ yóò wúlò fún yín lọ́jọ́ kan.

Àwa tí à ń wo eré Yorùbá kò lè gbọ́ “òṣèré” àti “oògùn olóró” pa pọ̀ ká má rántí Bàbá Sùwé, Babátúndé Omídínà. Ìkẹjà ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe òkè òkun: ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, nígbà tó ń lọ sí Paris. Ẹ̀rọ ayàwòrán-inú-ara fi nǹkan kan hàn, NDLEA ní oògùn ló gbé mì. Wọ́n tì í mọ́lé ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n ń ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí oògùn kankan tó jáde. Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó gba béèlì rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó sì ní kí àjọ náà san mílíọ̀nù 25 náírà fún un. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ owó náà padà lẹ́yìn náà. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Wọn kò bá nǹkan kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo rò pé ìwà ìkà ni.

Padà sí òkè òkun. Ní ilé ẹjọ́ ibi púpọ̀, nǹkan méjì ni wọ́n ń wò: ṣé ọwọ́ rẹ ni wọ́n ti bá a, àti ṣé o mọ̀? Ti àkọ́kọ́ kò le láti fi hàn, ẹrù rẹ ni. Ti ìkejì, wọn kò lè la orí èèyàn wò, nítorí náà wọ́n máa ń kà á láti ara ohun tó hàn: ta ló san owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí lo sọ nígbà tí wọ́n bi ọ́, ṣé ohun tó wà nínú fóònù rẹ bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ mu. UAE tún òfin oògùn olóró rẹ̀ ṣe ní ọdún 2021, wọ́n sì dín ìjìyà tó kéré jù fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, tó jẹ́ pé ó lò ó lásán, láti ọdún 2 sí oṣù 3. Ẹ̀sùn kíkó wọ̀lú kò sí lára ìyẹn. Ní Sáúdí, ikú ni ìjìyà ẹni tó ń gbé e wọlé lè jẹ́. Wọ́n sinmi pípa èèyàn lórí ọ̀rọ̀ oògùn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ti padà sídìí rẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé oògùn ìrora tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ oògùn olóró níbẹ̀. Tramadol àti omi oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú wà lára wọn. Ẹni tí dókítà ní kó máa lò wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìjọba UAE lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra, kó sì mú ìwé dókítà dání.

Ìbéèrè tó ń ko ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, kúkurú ni: “Ṣé ìwọ lo di ẹrù yìí fúnra rẹ?” Ẹnu ti mọ́ra pẹ̀lú “bẹ́ẹ̀ ni”. Bí ohun ẹlòmíràn bá wà nínú rẹ̀, “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn ni wọ́n á kọ sílẹ̀, òun ni agbẹjọ́rò ìjọba máa kà níwájú adájọ́. Ẹ sọ ọ́ ní kedere pé aṣọ ni tiyín, pé ife ẹ̀yẹ yìí, lágbájá ló fún yín, ibi báyìí, agogo báyìí.

Bí ọwọ́ bá ti tẹni, ẹ̀tọ́ kan wà tó ti wà láti ọdún 1963 nínú àdéhùn Vienna tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ tọwọ́ bọ̀. Abala 36 rẹ̀ sọ pé àwọn tó mú àjèjì gbọ́dọ̀ sọ fún un láìjáfara pé ó lè ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí aṣojú ìjọba rẹ̀. Wọ́n lè má sọ ọ́ fúnra wọn, nítorí náà ẹni náà ni kó béèrè, kó sì máa tún un béèrè. Aṣojú lè bẹ̀ ẹ́ wò, lè ránṣẹ́ sílé, lè fún un ní orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Kò lè dúró bí agbẹjọ́rò, kò sì lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Èdè Lárúbáwá ni ìwé ọlọ́pàá ní UAE àti Sáúdí, ilé ẹjọ́ náà sì ń lò ó. Ẹni tí kò gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá fipá mú un fọwọ́ sí i, kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìfọwọ́síwèé rẹ̀, ní èdè tó mọ̀, pé òun kò mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí. Kó gbà kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, nítorí ìyẹn á fi hàn pé kì í lò ó. Kó sì ní kí wọ́n wo àmì ìka ọwọ́ lára nǹkan tí wọ́n fi di oògùn náà nínú, ní pàtàkì lára ẹ̀gbẹ́ téèpù tó ń lẹ̀. Ẹni tó di í ló fọwọ́ kan ibẹ̀.

Gbogbo èyí a máa ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ohun tó tú Pereira sílẹ̀ kò sí ní Sharjah. Mumbai ló wà, nínú fóònù ìyá rẹ̀. Nítorí pé ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ìjíròrò wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ ayédèrú, nọ́ńbà, ìlérí iṣẹ́, gbogbo rẹ̀. Fóònù ọmọ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá Sharjah, ṣùgbọ́n ti ìyá wà níta. Ẹbí gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá Mumbai, wọ́n sì pariwo fún àwọn oníròyìn. Ọlọ́pàá tọ nọ́ńbà náà dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n tọ òṣìṣẹ́ báńkì dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, wọ́n sì mú àwọn méjèèjì. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, Sharjah tú Pereira sílẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ látinú ẹ̀wọ̀n, ó ní ó gba òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ márùn-ún kí òun tó rí bírò àti bébà, pé ọṣẹ ìfọṣọ ni òun fi ń fọ irun, omi ilé ìyàgbẹ́ ni òun sì fi ń po kọfí.

Ẹ fi èyí wé ti Mary Jane Veloso, obìnrin ọmọ Philippines tó wá iṣẹ́ ilé lọ. Oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni wọ́n mú un ní pápákọ̀ Yogyakarta ní Indonesia. Kílò 2.6 hẹrọ́ìnì ni wọ́n rán mọ́ inú àpótí rẹ̀, àpótí tí ẹni tó bá a wá iṣẹ́ fún un. Kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ ikú. Ọdún márùn-ún ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2015, wọ́n to àwọn ẹlẹ́wọ̀n síwájú ìbọn ní erékùṣù Nusakambangan. Ó yẹ kó wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ni obìnrin tó ràn án níṣẹ́ lọ fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Philippines, ìjọba Philippines sì bẹ Indonesia pé ẹ̀rí Veloso ni àwọn nílò láti fi bá ẹni yẹn ṣẹjọ́. Wọ́n yọ Veloso kúrò lára wọn ní wákàtí tó kẹ́yìn. Àwọn mẹ́jọ tó kù, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, wọ́n yìnbọn pa wọ́n lóru ọjọ́ yẹn. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Veloso tó tẹ ilẹ̀ Philippines padà.

Ní ti àwọn mẹ́ta ti Jeddah, ẹbí wọn fẹjọ́ sùn kíákíá. NDLEA wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ Kano, wọ́n mú àwọn tó so táàgì náà, wọ́n sì kó ẹ̀rí náà fún àjọ tó ń rí sí oògùn olóró ní Sáúdí. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tú wọn sílẹ̀, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin látìmọ́lé.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó wà nílé. Kámẹ́rà pápákọ̀ kì í tọ́jú àwòrán pẹ́ títí, tuntun á máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà lẹ́tà àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò máa kọ, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ni, kí wọ́n má pa àwòrán ọjọ́ yẹn rẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ NDLEA. Ẹ yọ ìjíròrò WhatsApp jáde pẹ̀lú ohùn àti àwòrán inú rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ẹni méjì. Bí ẹni náà bá ti tan ọ̀rọ̀-tó-ń-parẹ́ sílẹ̀, ẹ fi fóònù mìíràn ya ojú fóònù náà. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ nítorí ìtìjú, títí kan ọ̀rọ̀ tí kò buyì fún ọmọ yín, torí ibi tí ìwé bá ti já ni agbẹjọ́rò ìjọba á ti wọlé. Ẹ wá rìsíìtì ẹni tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá àti sí NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, pẹ̀lú nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ìlú tó wà.

Ohun méjì ló sábà ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ní àsìkò yìí. Ìtìjú ni ọ̀kan: àwọn òbí a dákẹ́ kí ará àdúgbò má baà gbọ́, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, ẹni tó dẹ okùn á sì ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Èkejì ni àwọn tó ń pè láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé àwọn mọ adájọ́, kí ẹ fi owó ránṣẹ́. Kò sí owó béèlì tàbí owó ìtanràn tí ilé ẹjọ́ ń gbà sínú àkáǹtì ènìyàn lásán.

Ìdáǹdè kò sì túmọ̀ sí kéèyàn wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n lè di páásípọ́ọ̀tù mú títí wọn yóò fi pa ẹjọ́ náà dé. Pereira tí wọ́n tú sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin, oṣù Kẹjọ ló tó dé Mumbai, ẹbí sì ní láti wá ilé, oúnjẹ àti owó agbẹjọ́rò fún gbogbo àkókò yẹn. Ẹnìkan lè wá sọ fún ẹni tó wà látìmọ́lé pé kó sáà gbà pé òun jẹ̀bi kí wọ́n lè tètè lé e padà sílé. Fún ọmọ Nàìjíríà, ewu mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn: òfin ológun Nọ́ńbà 33 ti ọdún 1990 fi àyè sílẹ̀ láti tún fi ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi oògùn olóró lókè òkun sẹ́wọ̀n ọdún 5 nígbà tó bá padà dé. Kí agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ̀ nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.